Ẹ Dìde, Ọkọ̀ Délégué Ń Ké

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ bí ọkùnrin kan ṣe ti ara rẹ̀ ṣubú ní ìlú Bouaké, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo ọjà, tòun ti agbádá tuntun lọ́rùn.

Alhaji Ládépọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀ lásán, kò ní dá yín lóhùn. Ohun tí ó fẹ́ máa gbọ́ ni: Alhaji Ládépọ̀, Délégué-Général lórí Ààbò Ọkọ̀, Olùdarí Àgbà Pákìn Ẹ̀yìn Ọjà, Ojú Tí Kì í Sùn. Ẹ wò ó, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ó ti rẹ̀ mí.

Ike ni Alhaji ń tà: garawa, abọ́, bùtà, àga. Bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Bouaké, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí Ládépọ̀ sí. Ènìyàn dáadáa ni tẹ́lẹ̀, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Bí o bá ra garawa mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, á fún ọ ní ìdérí kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Yorùbá ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó pákìn tó wà lẹ́yìn ọjà, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ wọn sí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ iṣẹ́ náà, torí kò ju kí ènìyàn máa sọ fún awakọ̀ pé "sún mọ́ ògiri díẹ̀ sí i" lọ. Ládépọ̀ ní òun gbà. Láti ọjọ́ yẹn ni ọrùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.

"Ẹ má pè mí ní alábòójútó mọ́," ó wí ní ìpàdé àkọ́kọ́. "Àwọn Faransé ní orúkọ fún irú èmi. Délégué-Général."

"Général!" Àmínù ké, ó sì pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni Àmínù yìí, ọwọ́ rẹ̀ ti le nítorí àtẹ́wọ́. Bí Alhaji bá sín, Àmínù á ní, "Ẹ gbọ́ bí ààbò ṣe ń sín!" Bí Alhaji bá dákẹ́, á ní, "Ẹ wò ó, ó ń ronú fún gbogbo wa."

Lóòótọ́, olè wà. Ẹ má jẹ́ kí n fi gbogbo rẹ̀ ṣe ẹ̀rín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí bàbá tó ń ṣọ́ pákìn lọ kírun, wọ́n jí ọkọ̀ Ọmọ́táyọ̀ aláṣọ gbé, tòun ti ẹrù aṣọ inú rẹ̀, Ọmọ́táyọ̀ sì jókòó sórí ilẹ̀ níbi tí ọkọ̀ náà wà tẹ́lẹ̀, ó sunkún títí oòrùn fi kan án lórí. Ìyẹn ló mú kí ẹgbẹ́ pe Alhaji Ládépọ̀, wọ́n ní kí ó wá nǹkan ṣe.

Ó wá nǹkan ṣe. Yéè!

Ó mú Àmínù, ó di ṣọ́ọ̀bù Samira. Ọmọ wa ni Samira, Bouaké ni wọ́n bí i sí, ilé ìwé Faransé ló lọ, aláàmù ọkọ̀, ẹ̀rọ tó ń ké bí olè bá fọwọ́ kan ọkọ̀, àti rédíò ọkọ̀ ló ń tà tó sì ń fi sínú ọkọ̀ fún àwọn ènìyàn.

"Bonjour, Tonton," ó kí i ní Faransé, bí ọmọ ṣe ń kí àbúrò bàbá rẹ̀.

"Délégué-Général."

"Bonjour, Tonton Délégué-Général."

Alhaji jókòó. Ó ní òun fẹ́ aláàmù sínú Mèsídíìsì dúdú òun, èyí tí gbogbo ayé á fi mọ ọkọ̀ ẹni tó ń dáàbò bo ọkọ̀. Samira gbé àpótí pẹlẹbẹ kan jáde.

"Èyí ni ọpọlọ rẹ̀," ó wí. "Ṣùgbọ́n ọpọlọ yìí ò ríran, kò sì mọ nǹkan kan fúnra rẹ̀. Àwọn capteur ló ń ròyìn fún un. Ọ̀kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, bí wọ́n bá ṣí i, ó mọ̀. Èyí, nǹkan kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń gbọ̀n bí ènìyàn bá gbá ọkọ̀ tàbí tó fọ́ gíláàsì. Èyí ń mọ̀ bí ọkọ̀ bá dagun, pé wọ́n ti fi jáàkì gbé e láti yọ táyà. Èyí tó kù yìí ń fọn ohùn kan tí etí wa ò lè gbọ́ sínú ọkọ̀, ohùn náà á sì máa padà wá bá a. Bí ẹnìkan bá ń mira níbẹ̀, bí ohùn yẹn ṣe ń padà á yàtọ̀, ó sì máa fura."

"Etí ni wọ́n," Alhaji wí. "Etí ọkọ̀."

"Ọpọlọ!" Àmínù wí, ó ń tọ́ka sí orí Alhaji.

"Ẹ pè é ní etí," Samira wí. "Bọ́tìnì kan wà níbí tí a fi ń yí bí etí náà ṣe máa mú tó, láti oókan dé ẹẹ́wàá. Fún pákìn ọjà, ẹẹ́rin ti tó."

Alhaji wò ó tìyanu-tìyanu. "Ẹẹ́rin? Samira, ṣé ẹni ẹẹ́rin ni mo jọ lójú rẹ?"

"Tonton, bí a bá fi sí ẹẹ́wàá, bí ológbò bá yán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ké."

"Ẹẹ́wàá!"

"Bí oókànlá bá wà," Àmínù wí, "jọ̀wọ́, fi lé e."

Samira rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tún mú nǹkan kékeré kan jáde. "Èyí, abẹ́ dáṣíbọọ̀dù la máa fi í pamọ́ sí. Ó ń gé iná ẹ́ńjìnnì. Olè á yí kọ́kọ́rọ́ títí, ọkọ̀ ò ní jí."

"Ta ni yóò rí i?"

"Kò sẹ́ni tó máa rí i, Tonton. Ohun tó mú un dára nìyẹn."

"Kí ni kí n wá fi ohun tẹ́nikẹ́ni ò ní rí ṣe?" Alhaji wí. "Fún mi ní fèrè tó pariwo jù."

Ẹ má rò pé ẹni mímọ́ ni Samira o. Ó mọ̀ pé wàhálà ń bọ̀, ó sì mọ̀ pé wàhálà náà máa mú wọn padà wá sí ṣọ́ọ̀bù òun. Ó ní, "D'accord, Tonton," ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Rùkáyátù, ìyàwó Alhaji, ló kọ́kọ́ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ata gbígbẹ ni Rùkáyátù ń tà. Òun àti àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọkọ̀ akérò kan tí òun fúnra rẹ̀ máa ń wà lọ sí Languibonou àti Mamini láti lọ kó ata. Ọkọ rẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ ọkọ̀ náà níwájú àlejò.

"Bàbá Muhsinah," ó wí nígbà tí wọ́n ń jẹun, "aláàmù dára. Ṣùgbọ́n ihò kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín ti gbó. Lọ́jọ́ tí ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sí mọ́sálásí, ìdí ṣíbí ni mo fi yí i, ó sì jí. Ẹ tún ìyẹn ṣe ná."

Alhaji gbé òkèlè tó fẹ́ jẹ sílẹ̀. "O fi ṣíbí kan Mèsídíìsì Délégué-Général?"

"Mo fẹ́ gbé e kúrò nínú òjò ni."

"Má fọwọ́ kàn án mọ́. Ìwọ tó ń wa ọkọ̀ ata!"

Rùkáyátù fa àwo ẹran sọ́dọ̀. Ó ń gé ẹran. Ó mọ irú ènìyàn tí òun fẹ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ náà ké, ìpàdé ni wọ́n wà. Alhaji ń sọ̀rọ̀ lórí bí òun ṣe máa ń ronú nípa ààbò kódà bí òun bá ń fọ eyín, ni ewé máńgòrò kan bá já bọ́ sórí ọkọ̀. Wíwíwíwí! Pẹ̀ẹ̀n-pẹ̀ẹ̀n-pẹ̀ẹ̀n! Gbogbo ènìyàn fò. Alhaji wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò agbádá, àpò yẹn jìn bíi kànga, kò rí i. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Àmínù ló gbà á là.

"Ẹ dìde!" Àmínù ké. "Ọkọ̀ Délégué ń ké! Ó ń kí ọ̀gá rẹ̀!"

Àwọn ènìyàn dìde, torí wọn ò mọ ohun míì tí wọ́n lè ṣe. Alhaji wo gbogbo wọn lórí ìdúró, ọkàn rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì nínú ààrò. Kí ìpàdé tó tú ká, ó ti di òfin: nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ Délégué bá ké, kí gbogbo ẹni tó wà ní pákìn àti àyíká rẹ̀ dìde, kí wọ́n fọwọ́ lé àyà, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀rọ̀ títí á fi dákẹ́.

Ẹ̀yin lè rò pé ará ọjà máa kọ̀. Ṣé ẹ mọ ará ọjà? Ohun tó bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n á ṣe é. Àwọn obìnrin Dioula tó ń ta ẹja gbígbẹ fọwọ́ lé àyà, èjìká wọn sì ń mì fún ẹ̀rín. Bàbá Baoulé kan tó gbé iṣu wá láti oko bi wọ́n léèrè pé ta ló kú. Alùpùpù kọjá, ọkọ̀ ké, wọ́n dìde. Òjò kán, wọ́n dìde. Ewúrẹ́ kan wà tó fẹ́ràn láti máa fi ẹ̀yìn ha ara ọkọ̀ náà, nítorí ewúrẹ́ yìí, orúnkún àwọn àgbàlagbà rí màbo.

Alhaji kò dúró níbẹ̀. Ó pàṣẹ kí gbogbo ọkọ̀ pákìn ní aláàmù, kí etí wọn wà ní ẹẹ́sàn-án, kí ti ẹnikẹ́ni má bàa bá tirẹ̀ dọ́gba. Samira ta ọjà títí ó fi ra fìríìjì tuntun. Nígbà tí wọ́n parí, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọkọ̀ kan á ké, ariwo fèrè rẹ̀ á mi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà á bú sẹ́kún, ó di odindi pákìn. Tẹ́lẹ̀, bí fèrè bá dún, àwọn ènìyàn á sáré lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó yá, wọn ò yíjú mọ́. Ti Délégué nìkan ni wọ́n ń dìde fún, wọ́n á sì máa wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó lé Bàbá Yísà kúrò níṣẹ́. Bàbá Yísà ló ń ṣọ́ pákìn látọjọ́ tó ti pẹ́. Kò kúkú mọ nǹkan púpọ̀. Ó máa ń sùn, ó máa ń bú awakọ̀, ó sì máa ń bá ajá jà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan ọkọ̀ níbẹ̀ kí ó má jí, kí ó má bi í pé, "Ta ni ẹ́? Ta ló ni ọkọ̀ yìí? Kí ni orúkọ ìyá rẹ?"

"Bàbá, ẹ lọ sinmi," Alhaji sọ fún un. "Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ yín."

"Ẹ̀rọ náà á máa bá ọ fọ agbádá," Bàbá Yísà dá a lóhùn, ó sì gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ kọjá sí òdì kejì títì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíì. Ilé rẹ̀ kún fún ọmọ-ọmọ, tíì náà ò sì tà.

Ọjọ́ ńlá wá dé. Hajia Fadila, olórí àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò wa, ń bọ̀ láti Abidjan. Àhesọ ń lọ pé ó ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó ààbò ọkọ̀ ní gbogbo Gbêkê, agbègbè tí Bouaké wà. Gbogbo Gbêkê! Alhaji ò jẹun àárọ̀. Ó wọ agbádá funfun tó lè bo ọkọ̀, ó gbé Mèsídíìsì sí àárín pákìn bí ìyàwó tuntun, ó sì dúró níwájú makirofóònù.

"Hajia wa," ó bẹ̀rẹ̀, "kí n tó dé orí àléfà, kí ni ọkọ̀? Irin lásán! Ta ló kọ́ irin ní èdè? Èmi! Ta ló fún un létí? Èmi! Lónìí, Bouaké lè sùn, torí èmi ò sùn. Olè ti gbọ́ orúkọ mi ní Botro, ó ti di àgbẹ̀. Olè ti gbọ́ orúkọ mi ní Mamini, ó ti ronú pìwà dà, ó ti ń kọ́ ọmọ níwèé!"

"Ó ń kọ́ ọmọ níwèé!" Àmínù gbe ọ̀rọ̀ lẹ́yìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù tó mọ́ tónítóní fi rìn wọ pákìn. Kò sáré, kò sì wo ẹ̀yìn. Ó ki irin pẹlẹbẹ kan bọ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì Mèsídíìsì, ó ṣí ilẹ̀kùn.

Wíwíwíwí! Pẹ̀ẹ̀n-pẹ̀ẹ̀n-pẹ̀ẹ̀n!

"Ẹ dìde!" Àmínù ké. "Ọkọ̀ Délégué ń ké!"

Gbogbo ọjà dìde, ọwọ́ lé àyà. Àwọn ọkọ̀ tó kù gbà á lẹ́nu rẹ̀, pákìn ń mì tìtì. Hajia Fadila náà dìde. Ó fẹ́ béèrè nǹkan, ṣùgbọ́n Àmínù fi ìka lé ètè: òfin ni. Ní òdì kejì títì, Bàbá Yísà dìde lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó la ẹnu, ó sì tún pa á dé.

Àmínù ń wo ọkùnrin aláṣọ búlúù, ó rò pé Samira ló rán an láti wá dán ọkọ̀ náà wò fún àlejò. Samira rò pé awakọ̀ tuntun Délégué ni. Alhaji Ládépọ̀ ní tirẹ̀, lórí pèpéle, rí i tí ọkọ̀ òun jí, tó sì ń rọra yí kúrò láàárín àwọn ènìyàn, omi sì lé sí i lójú. "Àmínù yìí!" ó wí nínú ọkàn rẹ̀. "Ó ti ṣètò ìwọ́de fún mi, kò sì jẹ́ kí n mọ̀!" Ó na ara rẹ̀ ṣánṣán, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ orí, ó bẹ́rí. Ọkùnrin inú ọkọ̀ wò ó, ẹnu yà á díẹ̀, òun náà sì bẹ́rí padà. Àwọn ènìyàn là sí méjì fún un. Ó gba ojú títì tó lọ sí Botro, ariwo rẹ̀ ń kéré, ó ń kéré, títí kò fi sí mọ́.

Wọ́n jókòó. Hajia Fadila bi Alhaji pé, "Níbo ló ń gbé e lọ?"

Alhaji yíjú sí Àmínù. Àmínù yíjú sí Samira. Samira ní, "Mi ò mọ ẹni yẹn rí o."

Obìnrin ẹlẹ́ja kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó na ara ṣánṣán, ó gbé ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orí. Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo ọjà ń bẹ́rí fún ara wọn, àwọn kan ti dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀rín.

"Bàbá Yísà!" Alhaji ké mọ́ òdì kejì títì. "Ẹ̀yin rí i, ẹ ò sọ̀rọ̀!"

"Mo fẹ́ pariwo," Bàbá Yísà dá a lóhùn. "Mo wá rántí pé òfin ò gbà á."

Hajia Fadila kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Ọmọ́táyọ̀ tó sunkún lọ́jọ́sí wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Lójú gbogbo wọn ló sọ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ Délégué mọ́, Ọmọ́táyọ̀ ni kí ó máa bójú tó pákìn, torí ẹni tí olè ti jà rí ló máa ṣọ́ ọ. Kí Bàbá Yísà padà síṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó wá kọjú sí Samira.

"Ìwọ náà mọ̀ pé kò dára, o sì tà á. Ọ̀fẹ́ ni wàá fi yí gbogbo etí wọn padà sí ẹẹ́rin, ọ̀fẹ́ náà sì ni wàá fi ohun tó ń gé iná ẹ́ńjìnnì sínú gbogbo wọn."

Ojú Samira já wálẹ̀. Fìríìjì tuntun ló ń rò. Ní ti Àmínù, ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọmọ́táyọ̀, ó ń bá a gbọn eruku kúrò lára aṣọ. "Alábòójútó wa," ó ń wí. "Ẹ wo bó ṣe dúró!"

Kó tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, fóònù dún. Wọ́n ti rí ọkọ̀ náà ní abúlé kan lójú ọ̀nà Botro. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀: fèrè yẹn ní bátìrì tirẹ̀, olè ò sì rí i pa. Àwọn obìnrin Baoulé tó wà lóko ò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n rò pé ẹnìkan ń kú lọ, wọ́n sì sáré bọ́ sójú títì pẹ̀lú àdá àti ọkọ́. Olè rí àdá, ó fò jáde, ó wọgbó lọ. Níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti mọ Délégué, aláàmù ṣiṣẹ́.

Alhaji àti Rùkáyátù wọ takisí lọ síbẹ̀. Takisí já wọn sílẹ̀, ó padà. Ọkọ̀ wà lábẹ́ igi kan, ó ti dákẹ́, torí pé àdá ni ìyá àgbà kan fi gé wáyà fèrè rẹ̀. Ìyá náà wo Alhaji láti òkè dé ilẹ̀, ó sì bi í ní èdè Dioula:

"Ìwọ lo ni ín? Ó ń ké bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn nílùú yín?"

Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn eruku kúrò lára agbádá. Òun tó ní ọ̀rọ̀ fún ewé máńgòrò!

Iná ọkọ̀ tó ń ṣẹ́jú látìgbà yẹn ti fa bátìrì ọkọ̀ gbẹ, wọ́n ní láti tì í. Rùkáyátù wọlé, ó jókòó sídìí sitíárìn kí ọkọ rẹ̀ tó lanu. Alhaji ká agbádá lé èjìká, òun àti àwọn obìnrin náà fọwọ́ ti ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n tì í, wọ́n tì í, ó húkọ́, ó jí. Rùkáyátù fi í sí jíà, ó ń lọ.

"Dúró!" Alhaji ké, ó ń sáré tẹ̀ lé e.

Rùkáyátù yọ orí síta. "Bàbá Muhsinah, bí mo bá dúró, á kú! Ẹ máa bọ̀!"

Ó wà á dáadáa. Alhaji dúró láàárín eruku, ó ń wo bí ó ṣe yí kọ́nà láìfi táyà kan ihò, ó sì mọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ìyàwó òun mọ ọkọ̀ wà ju òun lọ. Kò bínú. Kò sí okun láti fi bínú.

Bọ́ọ̀sì kékeré kan tó ń bọ̀ láti Botro ló gbé e. Wọ́n há a sáàárín ẹlẹ́dìyẹ kan àti àpò iṣu. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ọkùnrin kan níwájú fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn fún àwọn èrò: ìtàn Anago kan, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, ní Bouaké, ọ̀gá ńlá, tí olè wá gbé ọkọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀, tó sì bẹ́rí fún olè. Bọ́ọ̀sì ń mì fún ẹ̀rín. Awakọ̀ ń nu ojú.

Alhaji tẹ orí ba. Ó fi agbádá bo imú. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n, á dé ilé ní jẹ́jẹ́.

"Wọ́n ní ó tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́," ọkùnrin náà ń bá ìtàn lọ. "Ọ̀rọ̀ burúkú kan báyìí, tí kò ní orí, tí kò ní ìdí."

Alhaji Ládépọ̀ fi eyín há ètè. Ó wo iṣu. Ó wo adìyẹ. Ó gbìyànjú, Ọlọ́run mọ̀ pé ó gbìyànjú.

"Irọ́ nìyẹn!" ó ké, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde, orí rẹ̀ gbá òrùlé bọ́ọ̀sì. "Ọ̀rọ̀ yẹn dára! Ẹ ò tíì gbọ́ apá kejì rẹ̀ ni!"

Gbogbo ojú yí sí i: agbádá funfun, eruku, fìlà tó ti wọ́. Ẹlẹ́dìyẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé ọwọ́ rọra sí ẹ̀gbẹ́ orí.